Aró, Fàdákà àti Ohùn: Ìtàn Ìfipamọ́ Iṣẹ́ Yorùbá Lórí CD àti VCD

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo bèèrè fún àpilẹ̀kọ kan lórí ìjálá ní ilé ìkàwé kan. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò ìwé pélébé kan mọ́ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. CD méjì ni ó wà nínú àpò náà, wọ́n sì fi bírò kọ orúkọ àwọn oníjàálá sí wọn lójú. Ọ̀kan ṣí. Èkejì kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà kankan. Àdàkọ ìjálá náà wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohùn tí ó jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ ti dákẹ́.

Ọdún 1982 ni CD kọ́kọ́ dé ọjà, iṣẹ́ àjọṣe Sony àti Philips. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń kà á, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé kò ní gbó láé. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó bá VCD wọ ọjà fíìmù àgbéléwò ní Ìdúmọ̀tà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, tí ó fi gba ipò káàsẹ́ẹ̀tì VHS. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ni VCD kan ń gbà, nítorí náà àwo méjì ni fíìmù kan sábà máa ń jẹ́. Kí àwòrán sì lè rí àyè, ìlànà VCD yọ apá kan sílẹ̀ nínú kóòdù tí CD kọ̀ǹpútà fi ń tún àṣìṣe ṣe. Bí ojú àwo bá ha díẹ̀, àwòrán a fọ́. Bẹ́ẹ̀, fún ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà náà, VCD ọjà yìí ni ẹ̀dà tí ọwọ́ olùwádìí lè tó.

Àwo tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ yàtọ̀ sí CD-R tí a fi kọ̀ǹpútà kọ fúnra wa. Nínú ti àkọ́kọ́, ihò wínníwínní ni a tẹ̀ sára ike, a sì fi alumíníọ́mù bò ó. Nínú èkejì, aró ni ó gba ohùn dúró. Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún aró. Fàdákà ni a sábà ń tẹ́ lé aró náà, imí ọjọ́ sì ni ọ̀tá fàdákà. Láàrin 1988 sí 1993, ilé iṣẹ́ PDO ní Blackburn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àwọn CD kan tí ó padà di aláwọ̀ idẹ: vánìíṣì wọn kò lè dènà imí ọjọ́ tí ó wà nínú bébà tí wọ́n jọ wà nínú páálí kan náà. Mo rántí àpò ìwé ẹ̀yìn àpilẹ̀kọ yẹn.

Mo rántí bírò náà pẹ̀lú. Ìhà tí ń dán ni a máa ń ṣọ́, ṣùgbọ́n lára CD, ìhà tí a ń kọ orúkọ sí ni ó ṣe ẹlẹgẹ́ jù: vánìíṣì fẹ́lẹ́ ni ó wà láàrin ṣóńṣó bírò àti ohùn. DVD sàn díẹ̀, nítorí àárín ike méjì ni tirẹ̀ wà.

Ní 2003, Fred Byers ti NIST ní Amẹ́ríkà kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Ó ní kí a to àwo ní òòró bí ìwé, nínú páálí ike, níbi tí ó tutù, tí ó gbẹ, tí ó sì ṣókùnkùn. Kí a di etí rẹ̀ mú. Kí ìnù rẹ̀ máa ti àárín lọ sí etí, kì í ṣe ní yíyípo. Ooru 4°C sí 20°C ni ó fẹ́, àti ọ̀rinrin 20 sí 50 nínú 100. Ní Èkó, ọ̀rinrin sábà máa ń ju 70 lọ. Ní tèmi, páálí ike nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò fara ti ògiri tí oòrùn ń pa sàn ju ẹ̀rọ amúlétutù tí iná ń já mọ́ lójoojúmọ́ lọ, nítorí ooru tí ń lọ tí ń bọ̀ náà ń ba àwo jẹ́. Kò sì sí páálí tí ó lè rọ́pò ẹ̀dà mìíràn tí a bá tètè ṣe, pàápàá nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú àwo mọ́.

Ẹ̀rọ DVD àtijọ́ kan tí mo yá ni ó padà ka ìṣẹ́jú 11 nínú àwo kejì yẹn. Mo ti dà á sí ibi mẹ́ta. Ìyókù ìjálá náà, inú ìwé nìkan ni ó kù sí.