Ìjàpá Galápagos ní Ayé Àwọn Apẹja Àbùùbùtán

Ohun tí ó mú kí ìjàpá ńlá erékùṣù Galápagos wà láàyè láti ìgbà ìwáṣẹ̀ gan-an ni ó sọ ọ́ di ẹran ìjẹ fún àwọn atukọ̀ òkun. Àwọn erékùṣù náà, tí wọ́n wà nínú Òkun Pàsífíìkì, ní nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí etíkun orílẹ̀-èdè Ecuador tí ó ni wọ́n, jẹ́ ilẹ̀ òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde, omi mímu sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òùngbẹ fi pa ènìyàn nínú àwọn tí ó bá Bíṣọ́ọ̀bù Tomás de Berlanga rìn nígbà tí ìṣàn òkun gbé ọkọ̀ wọn débẹ̀ ní ọdún 1535. Ìjàpá ní tirẹ̀ a máa tọ́jú omi sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, a sì máa fi ọ̀rá ara rẹ̀ gbéra ró, nítorí náà ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù, àní títí dé ọdún kan, láìjẹ láìmu.

Láti nǹkan bí 1790 ni àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ti ń wá sínú omi Pàsífíìkì láti pa àbùùbùtán, ẹran ńlá inú òkun tí òróró rẹ̀ ń tan àtùpà àwọn ìlú ńlá ayé ìgbà náà. Ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ a máa gbà tó ọdún méjì sí mẹ́rin, ẹran oníyọ̀ àti bisikíìtì líle ni àwọn atukọ̀ sì ń jẹ léraléra. Ìjàpá nìkan ni ẹran tútù tí kì í béèrè oúnjẹ: wọ́n á tò ó jọ sínú ikùn ọkọ̀ láìfún un ní koríko tàbí omi, wọ́n á sì máa mú un pa lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 1813, David Porter, ọ̀gákọ̀ ogun Amẹ́ríkà, kó èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 14 ní erékùṣù Santiago láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Irú èyí tí wọ́n ń ṣà gbé ló ba ìran náà jẹ́ jù. Akọ ńlá lè wọ̀n ju 200 kìlógíráàmù lọ, agbára kò sì ká gbígbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Abo kéré jù ú lọ, ó sì máa ń wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ láti yé ẹyin, nítorí náà òun ni wọ́n ń gbé, àti òun àti gbogbo ọmọ tí ìbá pa lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ìjàpá tí ọkọ̀ kó lọ lápapọ̀ kò dín ní 100,000.

Ìjàpá erékùṣù kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ti ilẹ̀ gbígbẹ ní igbá tí iwájú rẹ̀ ká sókè bí gàárì ẹṣin, kí ọrùn lè nà dé ara igi ọrọ́ tí ó ga; ti ilẹ̀ ọlọ́rinrin ní igbá roboto. Nicholas Lawson, igbákejì gómìnà ibẹ̀, sọ fún Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, ní 1835 pé bí òun bá ti rí ìjàpá kan, òun yóò mọ erékùṣù tí ó ti wá. Ó dunni pé Darwin kò ka ọ̀rọ̀ náà sí nígbà náà: òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ jẹ àwọn ìjàpá tí wọ́n kó, wọ́n sì da igbá wọn sómi, ẹ̀rí tí ìbá wúlò fún un sì ṣègbé.

Ní Floreana ni ọ̀ràn náà ti burú jù. Ní 1820, atukọ̀ kan láti inú Essex, ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán, tanná ran igbó ibẹ̀. Láti 1832 ni wọ́n tẹ ìletò dó síbẹ̀, àwọn ará ìletò náà sì ń jẹ ìjàpá, nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀, ajá àti eku tí ọkọ̀ kó wá ń pa ẹyin àti ọmọ rẹ̀ run. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, kò sí ọ̀kan mọ́ lórí ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ a máa da ìjàpá sómi nígbà mìíràn láti mú ọkọ̀ fúyẹ́, pàápàá bí ogun bá ká wọn mọ́, ìjàpá kì í sì í tètè rì. Ó jọ pé báyìí ni àwọn kan ṣe gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ Wolf, òkè ayọnáyèéfín kan ní àríwá erékùṣù Isabela. Ní 2008, àwọn onímọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ìjàpá tí ó lé ní 1,600 níbẹ̀, wọ́n sì rí àbùdá ìran Floreana lára àwọn kan. Ní 2015, wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí erékùṣù Santa Cruz. Kò sí ògidì nínú wọn, nítorí wọ́n ti bá ìjàpá òkè Wolf gùn láti ìran dé ìran, nítorí náà àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Floreana pọ̀ jù lára wọn ni àwọn olùtọ́jú ń so pọ̀, láti fi ọmọ wọn tún Floreana kún.