Fọ́nrán Nano Piezoelectric Lórí Chip

Fọ́nrán nano piezoelectric ni ọ̀pá tín-ín-tín tó ń mú iná mànàmáná jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́. Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣàwárí ìwà yìí lára quartz àti àwọn òkúta mìíràn ní Paris, lọ́dún 1880.

Zinc oxide, ìyẹ̀fun funfun inú calamine tí a fi ń pa ara tó ń yúnni, ni wọ́n ń lò jù. Ooru ló fà á. Chip tí wọ́n ti to iṣẹ́ sí lára kì í fẹ́ gba ooru tó ju nǹkan bí 450°C lọ, bẹ́ẹ̀ PZT, ohun èlò piezoelectric mìíràn tó lágbára ju zinc oxide lọ, sábà máa ń fẹ́ ju 600°C, ó sì ní òjé nínú. Inú omi tí kò tíì hó ni zinc oxide ti ń hù. Wọn a kọ́kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sójú chip bí irúgbìn, wọn a wá da chip náà dojú bolẹ̀ sórí omi tí wọ́n po zinc nitrate àti hexamine sí. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ọ̀pá onígun mẹ́fà á ti hù jáde ní òòró.

Ibi tí irin ti kan zinc oxide, odi kan wà tó ń dí iná lọ́nà. Bí a bá tẹ ọ̀pá náà, odi yìí á ga sókè tàbí kó lọ sílẹ̀, iná tó ń kọjá á sì yí padà. Lọ́dún 2013, Wenzhuo Wu, Xiaonan Wen àti Zhong Lin Wang ní Georgia Tech, Amẹ́ríkà, fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ṣe àwọn ojú kéékèèké tó ń mọ ìtẹ̀, wọ́n to 92 ní ìbú, 92 ní òòró: 8,464 lápapọ̀. Nǹkan bí 1,500 fọ́nrán ló wà lójú kọ̀ọ̀kan, ojú kan kò sì jìnnà sí èkejì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ.

Ká sòótọ́, híhu fọ́nrán kọ́ ni wàhálà. Kí gbogbo wọn bára dọ́gba ni. Bí ojú kan bá ga ju ìkejì lọ, ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé wá ò lè bára mu. Ásíìdì tún ń yọ́ zinc oxide, nítorí náà wọ́n ń fi parylene, irú ike kan, bò ó.

Inú yàrá ìwádìí ni iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù títí di báyìí. Ohun èlò piezoelectric tó ń ya ìgbì rédíò sọ́tọ̀ nínú ọ̀pọ̀ fóònù wa kì í ṣe fọ́nrán: aluminium nitride tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ ni.