Kò Sí Àyè Fún Kíkọ Orúkọ Sínú Ìwé Ìdìbò
Bí olùdìbò kan ní Òsì, ìpínlẹ̀ Kwara, bá fi bírò kọ orúkọ ẹni tó wù ú sínú ìwé ìdìbò gómìnà, ẹni náà kò ní ìbò kankan níbẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ni à ń tẹ̀ka sí. Abala 106 àti 177 ìwé òfin ọdún 1999 ní ẹgbẹ́ òṣèlú ló gbọ́dọ̀ fa olùdíje ìpínlẹ̀ kalẹ̀. Lọ́dún 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ Rotimi Amaechi di gómìnà Rivers, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Celestine Omehia ni PDP fi díje. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ni aráàlú dìbò fún. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́, nígbà náà, ni ibi tí a ti ń yan ẹni rere.