Sáré, Súré, Ṣiré

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí Peter Craven ṣe láyé, ọmọ Liverpool tí wọ́n bí ní 1934, kó bá mi kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kékeré kan palẹ̀: sáré. Sá ló wà níwájú, eré ló wà lẹ́yìn. Nígbà tí fáwẹ̀lì méjèèjì pàdé, a ló borí, e ló yẹ̀ lọ́nà. Sá nìkan dá ṣe é lò: ẹni tó rí ejò, ó sá. Eré náà dá dúró: ọmọdé tó ń ta òkòtó, eré ló ń ṣe. Àwọn baba wa wá so ìsákúrò ẹni tẹ́rù ń bà mọ́ eré ọmọdé, wọ́n ní sáré nìyẹn.

Súré wá ńkọ́? Ibo ni u ti wọlé? Àwa tún ń pe eré ní iré, òun la gbọ́ nínú ṣiré, bẹ́ẹ̀ ni ará Èkìtì ń pe ilé ní ulé, tó ń pe igi ní ugi. Èmi gbà pé uré àtijọ́ kan ló farapamọ́ síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a ló lọ, ṣùgbọ́n ohùn òkè rẹ̀ kò bá a lọ: ó fò sórí u. Ẹ má ṣì í pè o. Bí ẹ bá rẹ ohùn ìkẹyìn sílẹ̀, ó di súre, àdúrà nìyẹn.

Orí alùpùpù ni Craven ti sáré tirẹ̀, alùpùpù tí kò ní bíréèkì rárá. Àwọn mẹ́rin ní í gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí. Ní kọ́nà, táyà ẹ̀yìn a máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ òsì tó wọ bàtà onírin a máa wọ́ nílẹ̀, ara a sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òkòtó tó ń yí. Craven kò ga, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń dúró lórí ohun tí kò dúró, débi tí wọ́n fi ń pè é ní oṣó. Ẹgbẹ́ Belle Vue ní Manchester ló ń sáré fún. Ní Wembley, ó gba ife àgbáyé ní 1955, lọ́mọ ọdún 21. Ó tún gbà á ní 1962. Eré ti so èrè.

Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án 1963, ní Edinburgh, ẹnìkan ṣubú níwájú rẹ̀. Craven yà fún un, ó sì lọ kọlu ọgbà pápá. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló kú, ọmọ ọdún 29.

Ẹni tó bá ní eré lásán ni, kó padà ka ọ̀rọ̀ náà láti iwájú: sá ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Kó sì rántí súré, níbi tí fáwẹ̀lì ti lọ tí ohùn rẹ̀ kù. Ní Belle Vue, wọ́n dá ìdíje kan sílẹ̀ lórúkọ Craven.