Ìbéèrè Lẹ́bàá Ibùsùn Oníbà



Orúkọ kan ṣoṣo ni èdè wa fi ń pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn. Bí ara ọmọdé bá gbóná ní Ifo, bí orí bá ń fọ́ àgbẹ̀ ní Mowe, tàbí bí òtútù bá ń mú awakọ̀ ní Ibafo, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ó sọ: "Ibà ni." Orúkọ náà kò burú, ewu rẹ̀ ni pé ó ti di ìdájọ́ kí a tó gbọ́ ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí odò Ọya. Samuel Àjàyí Crowther, tí kò tí ì gba oyè àlùfáà nígbà náà, wà pẹ̀lú wọn. Àwọn òyìnbó tí ó lọ tó 145. Kí oṣù púpọ̀ tó kọjá, ibà ti pa ogójì nínú wọn ó lé. Àwọn oníṣègùn wọn gbà pé afẹ́fẹ́ búburú inú ẹrọ̀fọ̀ ni ó ń fa ibà. Ní ọdún 1854 Crowther tún bá Dókítà Baikie lọ nínú ọkọ̀ Pleiad. Baikie mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo kuníìnì, ibà kò sì pa ẹnì kan nínú wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ìmọ̀ ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1880 Laveran rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Àlùjẹ́ríà. Ní ọdún 1897 Ronald Ross rí i nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Gómìnà MacGregor, tí í ṣe oníṣègùn, tí ó ṣe àkóso Èkó láti ọdún 1899 títí di 1904, pín kuníìnì fún àwọn ará ìlú, ó sì mú kí a gbẹ́ ọ̀nà fún omi àbàtà. Oore ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn kan bá ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn, ènìyàn a máa rò pé gbogbo ara gbígbóná ni oògùn náà wà fún.

Ikú ni ó kọ́ wa pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1927, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí à ń pè ní Asibi, ní Gold Coast, ni a fi mọ ohun tí ń fa ibà pọ́njú. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà, kó àrùn yìí, ó sì kú ní Èkó ní ọdún kan náà. Ní ọdún 1969, ibà mú nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, ní Lassa; ní Jos ni ó kú sí, orúkọ ìlú Lassa sì di orúkọ àrùn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer ti Làìbéríà dé sí Èkó pẹ̀lú ibà. Ibà ẹ̀fọn ni a kọ́kọ́ tọ́jú, ṣùgbọ́n oògùn kò ràn án. Dókítà Ameyo Adadevoh wo ibi tí ọkùnrin náà ti wá, ó fura sí Ebola, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí a tilẹ̀ ń fi agbára béèrè rẹ̀. Àrùn náà pa Dókítà náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn 20 péré ni ó mú ní gbogbo ilẹ̀ wa, 8 sì kú. Ẹ kíyèsí i: àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay ni obìnrin yìí, Macaulay sì jẹ́ ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀pù Crowther, ẹni tí ó rí ikú ibà lójú odò Ọya.

Ó tún dé ẹnu ọ̀nà wa. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ará Ítálì kan tí ó ti Milan dé lọ sí Ewékorò, níbi tí kò jìnnà sí Ifo. Ara rẹ̀ gbóná, ó sì lọ sí ilé ìtọ́jú ibi iṣẹ́. Wọ́n béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀, wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Èkó. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, àyẹ̀wò fi hàn pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn Kòrónà mú ní Nàìjíríà.

Mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a pè mí láti gbàdúrà fún ọmọkùnrin kan ní Mowe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti ra oògùn ibà fún un. Ọrùn rẹ̀ le, kò sì lè wo ìmọ́lẹ̀. Mo gbàdúrà, mo ní ibà náà yóò lọ, mo sì padà sílé. Ní ọjọ́ kẹta mo sin ín. Èmi pẹ̀lú kò béèrè ohunkóhun.

Nítorí náà, kí ni kí a béèrè? Ọjọ́ mélòó ni ara ti gbóná? Níbo ni aláìsàn ti ń bọ̀, ta ni ó sì tọ́jú? Oògùn wo ni ó ti lò? Bí gìrì bá mú un, bí ọrùn rẹ̀ bá le, bí kò bá lè mu omi, bí mímí rẹ̀ bá yára, bí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí osùn tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tó, ìdáhùn kì í sì ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Síbẹ̀, bí a tilẹ̀ rí kòkòrò náà, kí a má dáwọ́ ìbéèrè dúró, nítorí pé àgbàlagbà mìíràn a máa gbé e kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn, nígbà tí àrùn mìíràn ń pa á lọ.

Ìlú ojú ọ̀nà ni ìlú wa. Ọkọ̀ ojú irin gba Ifo kọjá, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sì gba Ibafo àti Mowe. Àlejò kò lè ṣàìdé. Àwọn bàbá wa wí pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí mo bá tún wọ ilé oníbà, n ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ béèrè.