Eré Olórin Nílẹ̀ Yorùbá: Láti Ṣọ́ọ̀ṣì Dé Orí Ìtàgé

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni eré olórin ayé òde òní ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere gbé ìwé orin dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, orin a gbé e sókè. Níbi tó ti yẹ kó ròkè, orin a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìtumọ̀ a dàrú, débi pé ẹni tí kò tíì gbọ́ orin náà rí kò ní mọ ohun tí ìjọ ń wí.

Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i. Ohùn tí ará ìlú fi ń kọrin lójoojúmọ́ ló fi ń yin Ọlọ́run, ní 1922 ó sì kọ orin 43 sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ló wá sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Láti 1914 títí di 1962 ló fi ń tẹ dùùrù, tó sì ń darí akọrin ní Kàtídírà ti Kristi, Marina, l'Ékòó. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde ní 1953. Ọwọ́ rẹ̀ ni Fẹlá Sówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé ti kọ́ṣẹ́.

Láàárín àkókò yẹn, àwọn ìjọ l'Ékòó ti ń fi orin ṣe eré ìtàn Bíbélì láti kó owó jọ. Ìjọ aládùúrà kan ló bẹ Hubert Ògúńdé, ọlọ́pàá tó tún jẹ́ olórin, níṣẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀ ní 1944. Eré náà, lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, gba ìlú kan. Ní 1945 Ògúńdé dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì di ẹni tí ń fi eré jẹun. Kí eré rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣèré a jáde, wọn a kọrin, wọn a jó, wọn a fi ohun tí eré dá lé tó olùwòran létí. Agbára orin yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi fòfin de ẹgbẹ́ náà ní 1964 nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú.

Dúró Ládìípọ̀ ti Òṣogbo ló gbé iṣẹ́ náà dé téńté. Òun náà ti ṣọ́ọ̀ṣì wá: ó gbé ìlù wọ orin Àjíǹde, àwọn àgbà ìjọ kò gbà á. Ìlù tí wọ́n kọ̀ yìí ló gbé lọ sí Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó iṣẹ́ ọnà tó ṣí l'Óṣogbo ní 1962. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbé Ọba Kò So jáde. Kò mú orin òyìnbó kankan wọ inú rẹ̀. Oríkì, ọfọ̀, bàtá àti dùndún ló fi gbé ìtàn Ṣàngó kalẹ̀. Nígbà tí Gbọ̀nkáà dojú kọ Tìmì, ọ̀gágun Ṣàngó bíi tirẹ̀, l'Ẹ́dẹ, Tìmì ní ọfà oníná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọfọ̀ ni Gbọ̀nkáà fi bá a jà, ó ń pè é títí oorun fi gbé Tìmì lọ. Níhìn-ín ni ìṣòro tí Phillips fi ayé rẹ̀ wá ojútùú sí ti yanjú pátápátá, nítorí inú ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ni orin náà ti jáde. Ládìípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ni Ọya. Ní 1964 wọ́n ṣe é ní Berlin. Ọdún kejì, wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Akin Euba gba ọ̀nà míì: ọ̀pẹ́rà Chaka tó kọ ní 1970 da ìlù ilẹ̀ Adúláwọ̀ pọ̀ mọ́ ohun èlò òyìnbó. Ládìípọ̀ kú ní 1978. Tẹlifíṣàn àti fíìmù sì fa olùwòran kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò. Ògúńdé alára yí sí fíìmù. Ẹ̀kọ́ orin onídùùrù kò parẹ́ ní tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON bẹ̀rẹ̀ ní 1989, gbọ̀ngàn rẹ̀ ní Oníkàn ṣí ní 1995, ibẹ̀ sì ni àwọn akọrin Èkó ti ń kọ iṣẹ́ Handel àti ti Bánkọ́lé.