FÍRÍÌJÌ ONÍKẸROSÍÌNÌ ÀTI GÁÀSÌ INÚ RẸ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a máa ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko kí ó má baà bàjẹ́. Lónìí, ìtàn ni a mú wá, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó kan àpò yín ni. Ìtàn fíríìjì àtijọ́ ni, pàápàá èyí tí ń lo kẹrosíìnì, tí ó ṣì wà ní igun ilé àwọn àgbà mìíràn, tí eruku ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan fẹ́ tún un ṣe. Àwọn kan fẹ́ tà á fún àwọn tí ń ra irin. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka ìwé yìí tán, nítorí ohun tí ó wà nínú páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹmu, nítorí ará Ìlá kò ṣàjèjì sí ẹmu. Ẹmu tí a dá ní òwúrọ̀ dùn. Tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti ń le. Ní ọjọ́ kejì, ó ti kan. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò lè rí ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú rẹ̀, ooru ni ó sì ń mú wọn yára. Òtútù kì í pa wọ́n, ó kàn ń mú wọn lọ́ra ni. Ohun kan náà ni ó ń ba ẹja, ẹran àti wàrà jẹ́. Oògùn àjẹsára ni tirẹ̀ tún yàtọ̀ díẹ̀: ooru fúnra rẹ̀ ni ó ń pa agbára inú rẹ̀, kò sì ní yí àwọ̀ padà, kò ní rùn, tí ẹ ó fi mọ̀ pé ó ti kú.

Báwo wá ni iná ṣe lè mú nǹkan tutù? Ẹ wo àmù tí ẹ ń pọn omi sí. Ta ni ó fi yìnyín sí i? Síbẹ̀ omi inú rẹ̀ tutù ju omi inú ike lọ. Omi díẹ̀díẹ̀ ń là ara àmù jáde, atẹ́gùn ń gbé e lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń kó ooru dání. Bí ẹ bá làágùn lóko tí atẹ́gùn sì fẹ́ sí yín lára, ohun kan náà ni. Ohun olómi tí ó bá ń di afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ooru lọ́wọ́ ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú fíríìjì ayé, orí èyí ni wọ́n dúró lé. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun olómi tí a fi sínú wọn, àti ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́ di omi padà kí ó tún lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ọdún 1834, Jacob Perkins, ará Amẹ́ríkà tí ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ amóhuntutù tí ń lo íítà, ohun olómi kan tí ó tètè ń gbiná. Ní ọdún 1859, Ferdinand Carré ní ilẹ̀ Faransé ṣe èyí tí ń lo amóníà àti omi, tí iná sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Amóníà yìí kò ṣàjèjì sí yín. Òórùn tí ó máa ń gún yín nímú tí ẹ bá ṣí ilé adìẹ tí a kò kó ìgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, amóníà ni.

Ẹ̀rọ Carré tóbi, ilé iṣẹ́ ni ó yẹ. Àwọn tí ó mú un wọ inú ilé ni ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Baltzar von Platen àti Carl Munters, tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Stockholm ní ilẹ̀ Sweden ní ọdún 1922. Nígbà tí ó di ọdún 1925, ilé iṣẹ́ Electrolux ti ra iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n sì ń tà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ògógóró láti inú ẹmu yóò tètè lóye ọgbọ́n wọn. A ó da ẹmu kíkan sí àgbá, a ó dáná sí i, ọtí yóò gbéra ṣáájú omi, yóò gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, yóò sì máa kán sílẹ̀. Bákan náà ni: àtùpà kẹrosíìnì ń se omi tí a fi amóníà pò, amóníà ń gbéra ṣáájú, ó gòkè lọ sí páìpù ẹ̀yìn fíríìjì, níbi tí afẹ́fẹ́ ilé ti ń mú un tutù tí ó fi di olómi. Láti ibẹ̀ ó wọ inú àpótí, ó bá gáàsì kan tí ń jẹ́ háídrójìn pàdé. Háídrójìn yìí ni ó jẹ́ kí ó tètè di afẹ́fẹ́ padà, ibẹ̀ ni ó sì ti ń gba ooru ẹran àti omi yín lọ. Lẹ́yìn náà omi á tún fà á mu, wọ́n á jọ padà sídìí iná. Kò sí ohun tí ń yí, kò sí ariwo, kò sí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì. Ní tèmi, mo ka ọgbọ́n yìí sí ọ̀kan nínú èyí tí ó dára jù tí ọmọ aráyé dá.

Ohun tí ó sọ ọ́ di ohun ìyebíye ní ilẹ̀ wa nìyẹn. Ní ìgbà tí iná ìjọba kò kúrò ní àwọn ìlú ńláńlá, òun ni àwọn míṣọ́nnárì, ilé ìwòsàn àti àwọn ilé ìtajà tí ó rọ́wọ́ họrí ń lò. Ẹ rántí ìtàn kan tí kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 1956 sí 1961, dókítà David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmèsí-Ilé. Ó rí i pé èéyi ń pa ọmọ ju bí àwọn òyìnbó ti rò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ìmèsí-Ilé wà lára àwọn ibi tí a kọ́kọ́ ti dán àjẹsára èéyi wò fún ọmọ adúláwọ̀. Ní ọdún 1967, nígbà tí ètò pípa ìgbóná run àti dídẹ́kun èéyi bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àjẹsára ìgbóná tí a ti gbẹ rú ooru là dáadáa, ṣùgbọ́n ti èéyi kò rú u. A ṣẹ́gun ìgbóná ní Nàìjíríà ní ọdún 1970. Èéyi ṣì wà. Òtútù kọ́ ni ìdí kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀.

Ti adìẹ náà ńkọ́? Láàárín ìparí ọdún 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953 ni a kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn pé àrùn Newcastle ti wọ Nàìjíríà, èyí tí ó lè gbá adìẹ odidi agbo ilé lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tí ó wà ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe àjẹsára rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Vom dé Ìlá jìnnà, àjẹsára náà sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó àgbẹ̀ ti ń ṣòfò: a fún adìẹ ní oògùn, adìẹ tún kú, a ní oògùn kò dára. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ó ti lè kú sínú ọkọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ òótọ́ nípa owó tí fíríìjì oníkẹrosíìnì ń jẹ. Bíi lítà kan lójúmọ́ ni kékeré inú rẹ̀ lè mu. Ọgbọ̀n lítà lóṣù nìyẹn. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Ooru tí ó ń kó kúrò nínú àpótí kò tó ooru tí ẹ fi dáná sí i nídìí, nígbà tí ti oníná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì lè kó ìlọ́po méjì agbára tí ó ń lò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní àìsàn mìíràn: ó ṣòro láti darí. Bí iná bá pọ̀, àjẹsára á dì. Bí ó bá kéré, á gbóná. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí èyí tí ń lo agbára oòrùn.

Kí ẹ má sì rò pé amóníà nìkan ni ó léwu. Àwọn fíríìjì oníná àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà lo sulphur dioxide, ẹ̀fín imí ọjọ́ ni. Àwọn mìíràn lo methyl chloride, tí kò ní òórùn tí ó lè ta oorun ènìyàn. Ní ọdún 1929, ó pa àwọn ènìyàn mélòó kan nínú ilé wọn ní Chicago. Kódà Albert Einstein, gbajúgbajà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà, gbìyànjú pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Leo Szilard láti ṣe fíríìjì tí kò ní ohun tí ń yí nínú tí gáàsì fi lè jò. Wọ́n gba ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà fún un ní ọdún 1930. Kò dé ọjà. Ọdún náà ni Thomas Midgley fi gáàsì tuntun kan han ayé: ó fà á símú, ó fi pa iná àbẹ́là, ara rẹ̀ sì le. Òun ni a wá ń pè ní Freon. Gbogbo ayé yọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland sọ pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń gòkè lọ ba ìbòrí òsóònù jẹ́, èyí tí ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn búburú. Àdéhùn Montreal wáyé ní ọdún 1987, nígbà tí ó sì di ọdún 2010 orílẹ̀-èdè bíi tiwa ti ní láti dáwọ́ lílo R-12 dúró. Bí fíríìjì tòkunbọ̀ àtijọ́ yín bá ní R-12 nínú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u dànù sí afẹ́fẹ́. Bí oníṣẹ́ kan bá sì ní òun yóò fi gáàsì ìdáná dí i, ẹ má gbà. Kò sí ohun tí a ṣe sára rẹ̀ tí yóò dènà iná.

Ó wá ku àtúnṣe. Bí oníkẹrosíìnì yín kò bá tutù mọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìdúró rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun olómi inú rẹ̀ kò ní ṣàn bí ó ti yẹ. Ẹ fi abọ́ omi sórí rẹ̀ wò. Ẹ gé òwú àtùpà dọ́gba, kí ọwọ́ iná náà jẹ́ búlúù, kì í ṣe pupa tí ń rú èéfín. Ẹ gbá ẹ̀pá kúrò nínú símínì rẹ̀. Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, wọ́n á gbé e dúró padà, wọ́n á sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó tan án. Kì í ṣe idán. Ohun olómi tí ó dúró síbi tí kò yẹ ni ó ń padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ òórùn amóníà, tàbí tí ẹ rí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tí ó dà bí ìyeyè lára páìpù, ó ti jò. Oògùn ìdènà ìpẹtà tí a pò mọ́ omi inú rẹ̀ ni àbàwọ́n náà, májèlé sì ni. Kò sí oníṣẹ́ àdúgbò tí ó lè dí i padà. Ẹ má gé e, ẹ má fi iná jó o, nítorí agbára tí ó wà nínú páìpù náà pọ̀, háídrójìn sì ń gbiná. Ẹ má sì tan èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ sínú yàrá tí a ti pa. Ìjọba Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ fún àwọn tí ó ṣì ń lo irú rẹ̀ pé èéfín rẹ̀ ti pa àwọn tí ó ń sùn.

Èyí tí ó ti kú, ẹ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ní àgádágodo tí a kò lè ṣí láti inú. Nítorí ọmọdé tí ó há sínú ni Amẹ́ríkà fi ṣe òfin lórí rẹ̀ ní ọdún 1956.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní fíríìjì rárá, ìkòkò méjì lè ràn yín lọ́wọ́. Muhammad Bah Abba ní Jìgáwá ni ó tan án kálẹ̀ láti ọdún 1995: ìkòkò kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Ìgbá tí ì bá bàjẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lò tó ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó fẹ́. Ní ìgbà ọyẹ́ ẹ ó rí àǹfààní rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Fún àjẹsára adìẹ, ẹ má gbára lé e. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní I-2 lọ́wọ́ dókítà ẹran. A ṣe é fún adìẹ ìbílẹ̀, ó sì ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀ ẹ fi ewé tútù tàbí aṣọ tútù wé e, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn pa á títí ẹ ó fi dé ilé.